Ìlà Mẹ́fà Tí Mo Fi Kún Ìtàn Ọ̀gá

Yàrá iwájú,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Báwo ni ọkọ rẹ, báwo ni àwọn ọmọ, báwo sì ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́? Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni ní ìdùbúlẹ̀. Ní tèmi, mo wà. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń bá mi jà, ti òsì sì ti ń gbè é lẹ́yìn. Ojú ń ríran dé ibi tó lè dé. Oúnjẹ ń wọlé. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ọmọ mi, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí dókítà ń kọ oògùn fún.

Mo rí àwọn lẹ́tà rẹ gbà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta gbóná débi pé mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọjọ́ méjì kó tutù kí n tó kà á parí. O ní kí ló dé tí mo kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tí Bàbá Páálí gbé wá. O tún ní, bí mi ò bá ní fọwọ́ sí i, kí n kúkú jáde síta, kí n sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ ọwọ́ mi wà nínú àwọn ìtàn yẹn, kí n gba ẹ̀tọ́ mi, kí n yé fara pamọ́. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré pé èmi ni mò ń bọ́ àwọn ìtàn Ọ̀gá yó. O ti wá dàgbà, o sì fẹ́ kí wọ́n san oúnjẹ náà padà.

O ò tíì rí Bàbá Páálí rí, torí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. Akọ̀wé owó orí ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó gùn, ó gbẹ, ó sì ń húkọ́. Inú páálí ló ń kó gbogbo nǹkan rẹ̀ sí, á sì fi okùn dè é lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń wá ohun tí Ọ̀gá kọ kó tó di Ọ̀gá. O mọ Ọ̀gá dáadáa, òǹkọ̀wé tí ẹ̀yin olùkọ́ ń fi ìwé rẹ̀ dá àwọn ọmọ lágara. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kọ ìtàn kékeré kan fún ìwé ìròyìn wa, fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìtàn mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni. Ìwé ìròyìn náà kógbá sílé, àwọn èèyàn fi ẹ̀dà ọwọ́ wọn di ẹrù, ó parí síbẹ̀. Bàbá Páálí rí òmíràn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí òmíràn nísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ọ̀kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara pákó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, kò ṣeé ṣí kúrò, ló bá ra pákó náà mọ́ ọn.

Ìtàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló rí kó jọ. Ọ̀dọ̀ mi ló ti bá ìyókù, torí ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìtẹ̀wé pa, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀dà ọ́fíìsì dáná, mo gbé e lábẹ́ apá mo sì ń lọ sílé mi. Ó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà náà. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ fún un, ó kọ́kọ́ yọ ìbọ̀wọ́ funfun méjì nínú àpò, ó wọ̀ wọ́n kó tó ṣí i. Mo wò ó títí. Ìwé tí èmi ti fi nu yíńkì lọ́wọ́ rí nìyẹn.

Bàbá Páálí rò pé nígbà tí ìwé ti pé lọ́wọ́ òun, kí òun kàn gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé ló kù. Ìyàwó Ọ̀gá ní kí lọ́yà òun kọ̀wé sí i. Mo ka lẹ́tà náà. Lọ́yà ní bébà jẹ́ ti Bàbá, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè kà á, ó lè há a sórí, ó lè sun ún jẹ bí iṣu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lórí bébà náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Ọ̀gá ni, Ọ̀gá sì ti fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá Páálí gbọ́ èyí, ó jókòó sórí páálí kan láàárín yàrá mi níbí, ó ní, "Ṣé ẹ wá ń sọ pé òfìfo ni mo ń kó láti ọjọ́ yìí?" Mo bu omi fún un.

Ó lọ bẹ ìyàwó Ọ̀gá. Màmá gbà pé kí wọ́n ṣe ìwé náà, ṣùgbọ́n ó ní àwọn kan ti ń gbé ayédèrú kiri pẹ̀lú orúkọ ọkọ òun, torí náà kí ẹnìkan tó wà níbẹ̀ nígbà náà fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Nínú gbogbo ilé ìtẹ̀wé yẹn, èmi nìkan ló kù láyé. Bí ìwé ṣe dé iwájú mi nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí, láti ọwọ́ olóògbé ni, kò sí ti ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo mú bírò. Mo ka "kò sí ti ẹlòmíràn" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dé bírò padà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ọ, torí mi ò rò pé mo ti jókòó ṣàlàyé rẹ̀ rí láìfi ṣe àwàdà. Lẹ́tà òjé ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú àpótí oníhò. Èèyàn á dúró, á máa ṣà wọ́n, á máa tò wọ́n sórí irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ òsì, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Gbogbo ìtàn ní ìwọ̀n àyè tirẹ̀ lójú ìwé, àyè náà sì gbọ́dọ̀ kún. Ìtàn Ọ̀gá kì í kún. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tó kún. Ìlà mẹ́rin á kù, ìlà méje á kù, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Kò-Kún ni a ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn á fi ìpolówó dí ihò náà, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ìpolówó wá bá wa? Olóòtú á kàn yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Fi nǹkan sí i. Má jẹ́ kó hàn." Èmi náà á fi nǹkan sí i.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wọ ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni nígbà náà, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ò jọ ìyókù. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn mi máa ń sanra tó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín." Mo ní oúnjẹ ibí ló bá a lára mu. A rẹ́rìn-ín. Kò bínú, kò dúpẹ́, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Gbogbo ohun tó wà láàárín èmi àti òun láyé nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà rẹ kejì dé, mo sọ fún ara mi pé ó dáa, jẹ́ kí n ṣe ohun tí ọmọ mi wí. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo jókòó ti ẹ̀dà àwọn ìtàn náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó jẹ́ tèmi. Ọwọ́ mi ń yá bí ọwọ́ ẹni tó ń ká èso lóko ara rẹ̀. Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ràn jù, níbi tó ti ní òjò ò wọlé, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó jẹ̀bi. Àádọ́ta ọdún ni mo ti fi ń yangàn lọ́kàn mi pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Páálí wá gbé bébà kan dé, ọ̀kan nínú èyí tí Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó rí gbà lọ́wọ́ ọmọ Olóòtú. Òjò náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ Ọ̀gá. Ó tilẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, ó fagi lé e, kó tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ìtìjú ò jẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi mọ ibi tí tirẹ̀ parí sí àti ibi tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú rọ́bà, mo pa gbogbo ìlà tí mo fà rẹ́, ojú ìwé kan lẹ́yìn èkejì. Nítorí náà má sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ mi fún mi mọ́. Mi ò mọ ìwọ̀n rẹ̀, mi ò sì ní gba ohun tí mi ò mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni mi ò pa rẹ́. Ìparí ìtàn awakọ̀ ni, èyí tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lẹ́nu ìrìn àjò. Ó délé, ó fẹ́ máa kó ẹrù màmá náà jọ, ìyàwó rẹ̀ sì wí pé: "Ẹ má tíì ká aṣọ wọn. Ó ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, ká tó mọ ibi tí a máa kó o sí." O mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìtàn náà sọnù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn, orúkọ Ọ̀gá ni wọ́n sì ń dá mọ́ ọn. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú káàdì ìbánikẹ́dùn, wọ́n ń kà á lórí rédíò. Ìwọ fúnra rẹ lo mú un jáde, tí o ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ. O gbé e wá hàn mí, mo ní ó dáa, mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kó máa ṣàn. O rò pé mò ń sunkún ìyá rẹ. Mò ń sunkún rẹ̀ lóòótọ́.

Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí wa. Ọmọ kan wà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ. Ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ kan péré, ó sì kú ní ọjọ́ Ajé. Ìyá rẹ ti fọ aṣọ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà kí a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti sá wọn sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí a dé láti ibi tí a sin ín sí, mo sáré lọ ibi okùn náà kí ojú ìyá rẹ má baà rí wọn. Mo ti ká ọ̀kan. Ó jáde wá, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ má tíì ká aṣọ rẹ̀. Ó ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, ká tó mọ ibi tí a máa kó o sí." Mo tún un ṣí, mo fi í sórí okùn padà.

Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń parí ojú ìwé. Àwa méjì péré là ń to lẹ́tà, èkejì mi sì ń ṣàìsàn, torí náà mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìtàn awakọ̀ dé, ìlà mẹ́fà ló kù. Olóòtú yọjú, ó ní kí n fi nǹkan sí i. Kò sí nǹkan mìíràn lórí mi, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo tò ó lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, mo kàn sọ ọ́ di ti àgbàlagbà torí màmá ló kú nínú ìtàn. Mo ka ìlà náà, ó pé mẹ́fà. Mo fi okùn dì í, mo gbé e fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo mú ìwé ìròyìn wálé bí mo ti máa ń ṣe. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Ìyá rẹ kà á lórí ìdúró. Ó ká a, ó nà án sí mi, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún. Mi ò sọ ọ́ fún wọn." Kò bá mi jà. Ó sàn kó bá mi jà. Nígbà tó lóyún rẹ, ó mú kí n ṣèlérí pé ọmọ tó ń bọ̀ kò ní gbọ́ nípa èyí tó lọ, torí kò fẹ́ kí o dàgbà bí ẹni tó wá rọ́pò ẹnìkan. Mo ṣèlérí. Ọ̀rọ̀ náà sì ń gbajúmọ̀ lọ níta. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ti kà á lórí rédíò, ìyá rẹ á dìde, á lọ dín ohùn rẹ̀ kù, á padà jókòó, á máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Kò sọ fún mi rí pé òun ti dárí jì mí, èmi náà ò sì béèrè, torí ẹ̀rù ń bà mí.

Ohun tí o ní Ọ̀gá ṣe sí mi, èmi ni mo ṣe é sí ìyá rẹ. Ìdí tí mi ò fi lè fọwọ́ sí ìwé náà nìyẹn. Ìdí tí mi ò fi lè bá ọ bínú náà nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá ìyàwó Ọ̀gá. Àjà kẹta ló ń gbé, orúnkún mi ò sì tíì dárí jì mí. Etí rẹ̀ kan ti di, ó fi mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń gbọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ bí mo ti rò ó fún ọ yìí. Ó wá ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti yin ọkọ mi fún ọ̀rọ̀ yẹn, ńṣe ló máa ń béèrè omi? Èmi rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni." Ó ní òun ni òun ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ibojì ọkọ òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n má bẹ òun, òkúta ò ṣeé fi rọ́bà pa rẹ́, ọkọ òun á fara dà á.

Ó pe lọ́yà rẹ̀ wá. Lọ́yà ní òfin lè jiyàn láti àárọ̀ di alẹ́ lórí irú èyí, torí a lè ní ti ilé ìtẹ̀wé ni, ilé ìtẹ̀wé ò sì sí mọ́. Màmá dá a lóhùn pé òun ò béèrè ti òfin. Ó ní òun ò ní ta ohun tí kì í ṣe ti ọkọ òun. Ó ní ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ló ni ín, ẹni náà ò sí mọ́, ọmọ rẹ̀ ló kù, kí a bi ọmọ rẹ̀.

Ìwọ la wá ń bi. Ìwé tó wà nínú àpòòwé yìí, lọ́yà ló kọ ọ́. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n yọ ìlà mẹ́fà náà kúrò, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ìtàn náà sílẹ̀ bí Ọ̀gá ṣe fi í sílẹ̀, láìkún. Bí o bá fẹ́ kó wà bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, yóò wà bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ìyá rẹ síbẹ̀ pé òun ló ni ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé bí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ibẹ̀, àwọn èèyàn á béèrè aṣọ ta ni, wọn ò sì ní dẹ́kun bíbéèrè. Bàbá Páálí ní ẹni tó ti dúró fún ọdún mẹ́rìnlélógún lè dúró di ìgbà tí o bá ṣe tán. Ikọ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyẹn lé ọ.

O máa fẹ́ mọ ohun tí èmi fẹ́. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ni mo ṣe ní àkọ́kọ́, láìbi ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ìwọ náà sì rí ibi tó gbé wa dé. Nítorí náà má ṣe é torí tèmi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o mọ irú ọjọ́ Ajé yẹn láé. Kó dá àwọn ọmọ rẹ sí fún ọ, kí wọ́n sin ọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ. Kó fún ọkọ rẹ ní ìlera, kó jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dùn mọ́ ọ, kó sì jẹ́ kí ọkàn rẹ rọ̀ sí mi nígbà tí o bá ti bínú tán. Bínú ná. Ó tọ́ sí mi.

Èmi ni, baba rẹ tó bí ọ, tó sì fi nǹkan pamọ́ fún ọ.

Ìyókù: Mo ti kọ lẹ́tà náà tán kí n tó rí i pé mo fo ohun kan. Obìnrin ni ọmọ náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lọ́dọ̀ wa. Bí o bá fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, má kọ̀wé. Wá.